Owó Kíláàsì Ti Gbé Kíláàsì Mì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi kí n bá àwọn ará wa nínú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń ká mi lára. Ọ̀rọ̀ kíláàsì ni, ìyẹn àwùjọ kékeré tí a pín àwọn ọmọ ìjọ sí lábẹ́ olórí kan. Àwọn ará ìjọ mìíràn náà lè bá wa gbọ́ ọ, torí ohun tí à ń pè ní kíláàsì kò jìnnà sí ohun táwọn kan ń pè ní ìdàpọ̀ ilé tàbí họ́ọ̀sì fẹ́lóṣíìpù, àrùn tó ń ṣe tiwa sì ti ń ràn dé ọ̀dọ̀ tiwọn.

Orúkọ kún inú ìwé kíláàsì, àga ò rí ẹni jókòó lé e. Kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́ pé kí orúkọ ogójì wà nínú ìwé, kó jẹ́ èèyàn mẹ́fà tàbí méje ló máa jókòó, àgbàlagbà sì ni gbogbo wọn. Wọ́n á ní àwọn ọ̀dọ́ ò bẹ̀rù Ọlọ́run mọ́, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn èèyàn ti dí jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yìí kan náà ń lọ sí ìpàdé àwọn tí wọ́n jọ jáde nílé ìwé, wọ́n ń san owó ibẹ̀, wọ́n sì ń pẹ́ níbẹ̀. Kíláàsì ni wọ́n ń sá fún, wọn ò sì sá lásán. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bá ti gbọ́ "kíláàsì", àpò ni ọwọ́ wọn ń lọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni owó kíláàsì, owó ìkórè, owó àyájọ́, àti orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè.

Ohun tó jẹ́ kí ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé owó ló bí kíláàsì lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó wà lónìí ló bí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1742, ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, àtàwọn èèyàn rẹ̀ jókòó láti wá bí wọ́n ṣe máa san gbèsè ilé ìjọsìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Kápútẹ́nì Foy, ní kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Ẹnì kan dìde pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ò lágbára pẹ́nì kan yẹn. Kápútẹ́nì wá dáhùn pé kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù lọ fún òun. Òun á máa yà lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá rówó san, kó san. Ẹni tí ò bá rí, òun á san tiẹ̀ mọ́ tòun. Ó ní kí àwọn yòókù náà mú mọ́kànlá mọ́kànlá nínú aládùúgbò wọn. Mọ́kànlá pẹ̀lú olórí, ó di méjìlá. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà méjìlá tí à ń gbọ́ ti wá.

Nígbà tí àwọn tó ń gba pẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé àwọn èèyàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ojú wọn rí ohun tí ẹni tó dúró lórí pẹpẹ kì í rí. Wọ́n rí ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí òun àti aya rẹ̀ ń jà, ẹni tó ti padà sídìí ọtí. Wọ́n padà wá sọ fún Wesley, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí òun ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn. Pẹ́nì ló gbé olórí dé ẹnu ọ̀nà, ohun tó bá nínú ilé ló wá di iṣẹ́ rẹ̀. Tiwa ti wá dojú rú: pẹ́nì ṣì wà, kódà ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà, àmọ́ ẹsẹ̀ olórí ò tẹ ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ má sì rò pé nǹkan àlejò ni kíláàsì jẹ́ fún wa. Lọ́dún 1792, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó gba òmìnira kúrò ní Nova Scotia nílẹ̀ Kánádà òde òní wá tẹ̀dó sí Freetown ní Sierra Leone, àwọn Mẹ́tọ́díìsì àárín wọn kó kíláàsì wọn àti olórí kíláàsì wọn dání. Ọdún 1811 ni àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ tí wọ́n rán láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Warren, dé bá wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ìjọ yẹn fi dúró láìsí àlùfáà kankan láti Gẹ̀ẹ́sì, Warren sì bá ìjọ náà láàyè. Inú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ti mọ ìgbàgbọ́. Nígbà tí wọ́n padà wálé tí à ń pè wọ́n ní Sàró, àwọn ló ránṣẹ́ pé kí àlùfáà máa bọ̀, tí àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Birch Freeman, fi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí a lè ṣe. Ẹ yọ owó kúrò lọ́wọ́ olórí kíláàsì ná. Bí olórí bá ṣì ń gbé ìwé rìsíìtì lọ́wọ́, kò sí ìbẹ̀wò tó máa ṣe tí wọn ò ní sá wọ yàrá lọ. Ẹ yan akápò tó yàtọ̀ sí i. Kí olúkúlùkù ní àpòòwé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ó máa jù ú sínú àpótí ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, tàbí kó fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìjọ kó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Èèyàn méjì ni kó jọ máa ka owó náà, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ má ka orúkọ onígbèsè sókè, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ẹni tí ò bá ní, kí ó sọ fún olórí àti àlùfáà nìkan, kí ìjọ sì ti inú owó àánú san tiẹ̀, bí Kápútẹ́nì Foy ṣe ṣe. Àwọn ìjọ kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí òkú bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń yẹ ìwé owó kíláàsì wò, tí wọ́n á máa bá ọmọ olóòkú ṣírò gbèsè. Ìtìjú ńlá ni. Ọmọ tó bá ti rí irú ẹ̀ kò ní jókòó sí kíláàsì láyé.

Bákan náà, ẹ má dá àjọ nínú kíláàsì. Mo mọ̀ pé inú ẹlòmíràn ò ní dùn sí èyí, torí àjọ ń ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹ dá a síbòmíràn. Ẹni tó bá kó àjọ tán tí kò rówó dá mọ́ kò ní lè wá síbi tó ti máa pàdé àwọn tó jẹ ní gbèsè, ẹni tó sì yẹ kó kó àjọ tí kò rí i kó yóò bínú kúrò. Kíláàsì á wá pàdánù àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn owó, iye èèyàn ló kàn. Méjìlá tí wọ́n mú ní Bristol ṣì bá ìṣirò mu lónìí. Bí èèyàn méjìlá bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta sọ bí nǹkan ṣe ń lọ sí fún wọn, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ti lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ò sì tíì kọrin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú kíláàsì tó bá pọ̀ jù, mẹ́rin péré ló máa ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á kàn máa wo aago. Bí orúkọ bá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ pín in, kí ẹ sì fi àdúgbò pín in. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ sórí ìwé, ẹ kọ òpópónà tàbí bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ilé wọn síwájú rẹ̀, ẹ wá kó àwọn tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ara wọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kadà ni èèyàn máa gùn wá tó tún máa gùn padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tí ò lówó lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá, wọn ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Àwọn àgbà kan máa fẹ́ dúró sínú kíláàsì tí bàbá wọn wà, bí wọ́n tilẹ̀ ti kó lọ sí òdìkejì ìlú. Ẹ lọ bá wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n lè máa bá kíláàsì bàbá wọn ṣe àyájọ́, àmọ́ ẹni tó máa gbọ́ pé wọ́n ṣàìsàn lóru kò sí níbẹ̀.

Ibi tí nǹkan tún ti ń bàjẹ́ ni àkókò. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ló ń ṣe ìpàdé ní kété tí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ebi ń pa àwọn èèyàn, àwọn ọmọ ń fa ìró ìyá wọn, ẹgbẹ́ méjì mìíràn ń dúró de yàrá náà, olórí á sì sáré pe orúkọ, á gba owó, á ní "oore-ọ̀fẹ́." Ìyẹn kì í ṣe kíláàsì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ọmọ ìjọ, ní ọjọ́ Ìsinmi nírọ̀lẹ́ láago mẹ́rin ààbọ̀, tàbí ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ láago márùn-ún ààbọ̀. Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ béèrè ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìpàdé lándílọ́ọ̀dù àti ọjọ́ tí àwọn akọrin ń kọ́ orin. Sátidé ò ṣeé mú, òde ayẹyẹ ti gbà á. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin ti tó. Bí ẹ bá ti dá àkókò pé ẹ máa parí, ẹ parí, kódà bí orin ń dùn lọ́wọ́. Ìyàwó ilé tó mọ̀ pé òun máa délé kí oúnjẹ alẹ́ tó pẹ́ máa tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé tí ẹ ń lò máa yí ká, kó má sì sí ju omi tútù àti ẹ̀pà lọ fún jíjẹ. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti se ìrẹsì pẹ̀lú ẹran, ẹni tó kàn máa fẹ́ ṣe jù ú lọ, ẹni tí ò ní sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí kí wọ́n má bàa wá sílé òun.

Nínú ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin yẹn, orin kan àti àdúrà gba márùn-ún. Mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ àdúrà ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí, kí ẹ bi oníkálukú bó ṣe rí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni fún Bíbélì, kó má ju ẹsẹ méjìlá lọ, ìbéèrè mẹ́ta sì tó: kí ni ó sọ, kí ló yé ọ, kí lo máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí nítorí rẹ̀? Apá tó pọ̀ jù, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni fún ọ̀rọ̀ ara wa. Ẹ wá gbàdúrà, ẹ ṣe ìkéde, ẹ túká. Bí olórí bá sọ ọ́ di ìwàásù, ó ti bà á jẹ́, torí ìwàásù ti wà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá béèrè ìbéèrè tí gbogbo èèyàn sì dákẹ́, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá sínú kí ẹ tó tún la ẹnu. Ó máa ń jọ pé ó pẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ti ń ka méje, ẹnì kan á ti wú ikọ́, á sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn àbúrò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú ìpàdé mìíràn àgbà ló ń ṣíwájú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, bí Bàbá bá ti sọ pé báyìí lọ̀rọ̀ rí, ta ló kù tó máa ní òun rí i bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ bẹ Bàbá kó fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kádìí rẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn, á sì ti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ọmọ kí ó tó gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Àṣà kan tó ń lé èèyàn lọ ni kí Bíbélì máa lọ yípo, kí oníkálukú ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí ojú àwọn èèyàn nígbà tí ìwé náà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Màmá kan á na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, á tú u lọ tú u bọ̀, á ní òun gbàgbé awò òun sílé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wá. Kò sí awò kankan nílé. Màmá ò mọ̀wé kà ni, kò sì fẹ́ kí ọmọ tó tó ọmọ òun lọ́jọ́ orí mọ̀. Ẹ wá lọ wo ọ̀dọ́kùnrin tó jáde ní yunifásítì, tó jẹ́ pé kíkà Bíbélì Yorùbá alámì ń mú un kólòlò, òógùn á bò ó. Ìtìjú kan náà ló ń lé àwọn méjèèjì. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó kàwé dáadáa, kó kà á lẹ́ẹ̀mejì jẹ́jẹ́, kí gbogbo yín máa gbọ́. Màmá yẹn lè ti mọ Sáàmù ogójì sórí, ẹ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ bá fún un láyè.

Ọ̀rọ̀ àṣírí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí obìnrin kan bá sọ nínú kíláàsì pé ọkọ òun ò fún òun lówó oúnjẹ látoṣù méjì, tó sì di ọjọ́ Ìsinmi tí Ẹgbẹ́ Ìyá ń gbàdúrà fún "ìdílé kan láàárín wa," gbogbo ìjọ ti mọ ìdílé náà. Kò tún ní sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn tó gbọ́ náà ò sì ní sọ tiwọn. Nínú ìwé àdúrà, ẹ kọ "ọ̀rọ̀ ilé" síwájú orúkọ rẹ̀, kó tán síbẹ̀. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu: bí wọ́n bá ń lu èèyàn, bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọ, tàbí tí ẹnì kan ní ayé ti sú òun. Ìgbà yẹn ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i, kí ẹ sì kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà nínú kíláàsì mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́.

Ìwé olórí kò yẹ kó ju òpó mẹ́rin lọ: orúkọ, ọjọ́ tó wá, àdúrà tó béèrè, ọjọ́ tí a yà nílé rẹ̀. Òpó kẹrin yìí ló máa ń ṣófo, òun ni kí alákòóso máa béèrè. Bí èèyàn ò bá wá lẹ́ẹ̀kan, ẹ pè é kí ọjọ́ méjì tó pé. "Ṣé àlàáfíà ni?" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ, "kí ló dé tí ẹ ò wá?" jọ ti ọlọ́pàá. Bí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sílé rẹ̀, ẹ̀yin méjì, kí ó má sì ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má ṣe lọ lásìkò oúnjẹ. Ìyá ọlọ́jà, ìsọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bá a, ní bí aago méjì tí ọjà ti tutù díẹ̀. Wáńsáàpù ò lè gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ó dára fún àkókò àti ilé tí a máa lò, àmọ́ ẹni tó ń kọ "Àmín" síbẹ̀ lárààárọ̀ lè ti wà lórí àìsàn látọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹni tuntun ńkọ́? Ìkéde láti orí pẹpẹ kì í mú èèyàn wá sí kíláàsì. Ohun tó ń mú wọn wá ni kí ẹnì kan sọ pé "Màá yà gbé yín láago márùn-ún," kó sì yà lóòótọ́, kó tún jókòó tì wọ́n. Ẹ má ní kí ẹni tuntun gbàdúrà sókè, ẹ má dárúkọ owó kankan fún un fún oṣù mẹ́ta. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré: kó máa wo aago, kó máa dá orin, kó máa to àga. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lòun ń to àga máa tètè dé.

Bí kíláàsì bá sì kún, tí èèyàn mẹ́rìnlá ń jókòó déédéé fún oṣù mẹ́ta, àkókò tó kó bí òmíràn. Igbákejì olórí ló máa kó èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, nítorí náà ẹ ti jẹ́ kó máa darí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àlùfáà bá kàn ka orúkọ lọ́jọ́ Ìsinmi pé "ẹ̀yin wọ̀nyí, ibòmíràn ni ẹ ń lọ," àwọn àgbà á rò pé wọ́n lé àwọn ni, ìdajì wọn ò sì ní dé ibi tuntun náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin olórí kíláàsì ẹlẹgbẹ́ mi ni pé nígbà tí ẹ bá tún máa pín tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé kékeré tó ń fi hàn pé èèyàn jẹ́ ọmọ kíláàsì, ẹ mú orúkọ mẹ́rin tí ẹ ò tíì rí látọdún tó kọjá nínú ìwé yín. Ẹ fi ìwé rìsíìtì sílẹ̀ fún akápò. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé wọn, ẹ béèrè àlàáfíà wọn, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn.

Tiyín nínú Olúwa,
Olórí kíláàsì kan, Ìbàdàn